Kókó Inú Ẹ̀dọ̀, Kòkó Inú Àpò

Lọ́jọ́ tí Ìyá Onílé mi wọlé wá síbi iṣẹ́ mi, owó ilé ti fi oṣù mẹ́ta kọjá àsìkò. Bí mo ṣe rí gèlè wọn lẹ́nu ọ̀nà báyìí, yàrá tí a ń kó jẹ́lì àti táwẹ̀lì sí ni mo sá wọ̀, mo ń ro irọ́ tí mo máa pa. Àṣé kì í ṣe èmi ni wọ́n wá bá. Ìwé dókítà ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ ṣe skáànù ikùn.

Èmi kì í ṣe dókítà o. Ó yẹ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí gbogbo àdúgbò wa ní Ìjọ̀kà ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ó sì ti sú mi láti máa jiyàn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ya àwòrán inú ara: ẹ́ksíréè, skáànù aláboyún, skáànù ikùn. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe é ní Àkúrẹ́. Ìyá Onílé fúnra wọn ló gbà kí n kọ ìtàn yìí. Àdéhùn wa ni pé n kò ní dárúkọ wọn, àti pé kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti san owó ilé ọjọ́ náà. Mo ti san án.

Ibà ló ń ṣe wọ́n láti bí oṣù méjì, ibà tí ń lọ tí ń bọ̀. Wọ́n ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù, wọ́n ti mu àgbo títí ẹnu fi korò. Oúnjẹ ò wù wọ́n jẹ mọ́, ẹ̀dọ̀ ń rìn wọ́n láràárọ̀, ìró ti ń yọ́ bọ́ nídìí wọn, nǹkan kan sì ń gún wọn lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún bí wọ́n bá mí kanlẹ̀. Obìnrin tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ẹni tí àìsàn kékeré ń dá dúró. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè. Mo ti rí wọn tí wọ́n dá nìkan lé awakọ̀ mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nítorí àpò kan tó tutù.

Mo ní kí wọ́n dùbúlẹ̀. Mo fi jẹ́lì sí wọn níhà ọ̀tún, òtútù rẹ̀ mú wọn gbọ̀n. Mo ní, "Ẹ fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro, mà." Ẹnu lásán la fi ń sọ gbólóhùn yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti la ẹran rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe wà nínú ikùn: ẹ̀dọ̀ lókè, àpò òróǹro lábẹ́ rẹ̀, bí ọmọ tó sá sábẹ́ ìborùn ìyá rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i lójú ẹ̀rọ.

Ìró tí etí ọmọ ènìyàn kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà ń rán sínú ara. Ìró yẹn á kọlu nǹkan, á padà wá, ẹ̀rọ á sì fi bó ṣe pẹ́ tó lọ́nà àti bó ṣe lágbára tó ya àwòrán. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́bàá Òkè Ìdànrè rí, tó pariwo orúkọ ara rẹ̀, tí àpáta dá a lóhùn, ti mọ ìdajì iṣẹ́ mi. Ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá máa ń rí bí ẹ̀kọ tó dì: bákan náà ni yíká, àfi ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá gbà kọjá. Omi máa ń dúdú kirikiri. Òkúta inú àpò òróǹro máa ń funfun, á sì ní òjìji lẹ́yìn.

Ohun tí mo rí nínú apá ọ̀tún ẹ̀dọ̀ Ìyá Onílé kò dúdú tó omi, kò sì funfun bí òkúta. Ó kàn ṣú díẹ̀ ju ara tó yí i ká lọ, etí rẹ̀ kò gún, ó sì fẹ̀ ju sẹ̀ńtímítà márùn-ún lọ díẹ̀. Mo ní kí wọ́n fa èémí sínú, kí wọ́n mú un dání. Mo tún un wò. Mo ní kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo dákẹ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé Ìyá Onílé kò wo ẹ̀rọ rárá. Ojú mi ni wọ́n ń wò.

"Dókítà, kí lo rí?"

"Kò sí nǹkan, mà. Ẹ jẹ́ kí a parí ẹ̀ ná."

"Ojú tí o fi ń parọ́ owó ilé fún mi nìyẹn."

N kò lè fèsì.

Mo kọ èsì sínú ìwé bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo sì lo ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tí kò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ: mass. Kókó ni ìtumọ̀ rẹ̀ lójú tèmi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi àmì ìbéèrè sí iwájú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Kí n tó délé, ọmọ wọn obìnrin ti ya ìwé náà ní fótò, ó ti fi ránṣẹ́ sí àkọ́bí wọn ní Èkó lórí WhatsApp, ìyẹn ti béèrè lọ́wọ́ Google, Google sì ti dáhùn. Àmì ìbéèrè tèmi ti sọ nù lọ́nà. Bó ṣe di aago mẹ́sàn-án alẹ́, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni gbogbo ilé ń sọ, àwọn ará ìjọ ti kún pálọ̀, èmi sì wà nínú yàrá mi lẹ́yìn ilé kan náà, mo ń gbọ́ orin wọn, n kò lè tan iná.

Àwọn àgbà ní ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro òwe yìí, nítorí iṣẹ́ àwòrán kò ju ìyẹn lọ. Ohun tó jọ ohun là ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Èèpo ẹ̀pà jọ pósí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèpo ẹ̀pà, ẹ̀pà ló wà nínú rẹ̀.

Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹ̀rù àwọn ọmọ wọn jẹ́ ẹ̀rù òmùgọ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kì í ṣe àlejò nílẹ̀ wa. Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú, pàápàá irú B, wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ̀, ó sì lè fi ogún ọdún bá ẹ̀dọ̀ jà láìpariwo. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó bu torí pé a kò sá a gbẹ dáadáa náà ń dá kún un. Mo ti rí jẹjẹrẹ yìí lára àwọn ọkùnrin tí wọn kò tíì pé ogójì ọdún. Ìdí tí ojú mi fi yí padà lọ́jọ́ yẹn nìyẹn: mo ti rí pósí tó pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí dókítà wọn ní kí wọ́n ṣe kò bá ohun tí à ń bẹ̀rù mu. Kò sí mẹ́dọ̀wú B, kò sí C. Èròjà tí wọ́n ń pè ní AFP, tó sábà máa ń pọ̀ bí jẹjẹrẹ bá wà nínú ẹ̀dọ̀, kò pọ̀. Ìyẹn nìkan kò dá ẹnikẹ́ni láre, torí jẹjẹrẹ mìíràn wà tí kì í gbé e sókè. Ohun tó pọ̀ ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara. Ara wọn ń bá nǹkan jà.

Síítíì skáànù ló kàn, ẹ́ksíréè tó ń yí ara ká, tó ń ya inú rẹ̀ ní ìpele ìpele. Owó rẹ̀ wọ ìdajì owó ilé mi ọdún kan, mo mọ̀ torí mo ṣírò ó. Ìyá Onílé ní èmi ni kí n tẹ̀ lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá náà, pé ìgbà tó jẹ́ èmi ni mo fi ojú dẹ́rù ba àwọn. Àkọ́bí wọn ti wọ ọkọ̀ òru dé láti Èkó. Bí a ṣe jókòó síta yàrá ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kò dúró sójú kan. Kí ọkàn rẹ̀ lè kúrò níbẹ̀, mo sọ fún un pé ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ yìí ya orí aláìsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, pé nígbà tí wọ́n fún àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1979, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, Allan Cormack, Johannesburg ni wọ́n bí i sí, nílẹ̀ adúláwọ̀ níbí. Ó wò mí. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ó mọ ohun tó ń ṣe màmá mi?"

Mo gbé ẹnu mi dákẹ́.

Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń wá nínú ẹ̀dọ̀ kọjá ìrísí kókó nìkan. Ó ń wo bí kókó náà ṣe ń hùwà. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀, ẹ jẹ́ kí n fi Ọjà Ọba Àkúrẹ́ ṣàpèjúwe. Ká ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù tó ń wọ ọjà gba ọ̀nà oko wá, tí ìdá kan tó kù gba títì Iléṣà. Ọ̀nà oko ni iṣan ńlá tó ń kó ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti inú ìfun pẹ̀lú gbogbo ohun tí a jẹ. Títì Iléṣà ni iṣan tó ń ti ọ̀nà ọkàn bọ̀. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀nà oko ló fi ń jẹun. Jẹjẹrẹ tó bá hù láti ara ẹ̀dọ̀, títì Iléṣà ló sábà máa ń gbára lé. Nítorí náà, bí wọ́n bá fún oògùn àwòrán sí iṣan ọwọ́ aláìsàn, tí wọ́n ya fọ́tò àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 35, irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ á ti tan yòò nígbà tí ẹ̀dọ̀ yòókù ṣì ṣú. Ní nǹkan bí 70, ẹrù oko á dé, gbogbo ẹ̀dọ̀ á tàn. Bó bá fi máa di ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, oògùn á ti ṣàn kúrò nínú jẹjẹrẹ, á wá ṣú ju ara tó yí i ká lọ. Lára ẹni tó ti ní mẹ́dọ̀wú B tó pẹ́, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le gbandi, bí gbogbo àmì yìí bá pé, àwọn dókítà lè pè é ní jẹjẹrẹ láì fi abẹ́rẹ́ kàn án. Ìyá Onílé kò sí lára àwọn wọ̀nyẹn. Òfin náà kò mú wọn.

Dókítà àwòrán tó ka tiwọn jẹ́ obìnrin, mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ó sì gbọ́n jù mí lọ nínú gbogbo ohun tó kù. Ó pè mí sídìí kọ̀ǹpútà. Ní 35, kókó náà kò tàn. Ní 70, etí rẹ̀ ló ń tàn díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ iná èédú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, tí ó yẹ kí gbogbo nǹkan ti ṣá, òun ló wá di oògùn mú, pẹ̀lú àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Ara tó ti di àpá ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní. Oówo inú ẹ̀dọ̀ tó ń gbẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ ojú ọ̀nà òróǹro náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ orúkọ mẹ́ta sílẹ̀, ó fi "tàbí" sí àárín wọn. Ẹ̀kẹta ni mo ń gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ẹnu ẹni tí mo lè bi léèrè: inflammatory pseudotumour. Èmi ń pè é ní kókó ẹlẹ́tàn.

Ara ló máa ń bá nǹkan jà, bóyá kòkòrò àrùn tó gba inú ìfun tàbí ojú ọ̀nà òróǹro wọlé, tí ìjà náà á parí tí àwọn ọmọ ogun kò ní lọ sílé. Wọ́n á kóra jọ, àpá á máa hù láàárín wọn, á wá di kókó. Nígbà mìíràn kò sí ẹni tó mọ ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀. Lọ́dún 1953, oníṣẹ́ abẹ méjì ní Amẹ́ríkà, Pack àti Baker, kọ ìròyìn aláìsàn kan tí wọ́n gé gbogbo apá ọ̀tún ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kúrò. Òun ni àwọn ìwé ìṣègùn máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bá irú kókó yìí nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ń ro ti aláìsàn yẹn. Odindi apá ẹ̀dọ̀ kan.

Orúkọ náà pàápàá jẹ́ àpò kan tí wọ́n ti kó onírúurú nǹkan sí. Irú kan wà tí wọ́n ti yọ kúrò níbẹ̀ báyìí torí pé èèmọ̀ tó ń hù ní tòótọ́ ni, ó sì lè padà wá lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e. Òmíràn bá àrùn kan tí wọ́n ń pè ní IgG4 tan, níbi tí ọmọ ogun ara ti ń bá onílé jà. Àwòrán kan ṣoṣo kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àkọ́bí wọn ní kí a gbé wọn lọ sí Íńdíà, kí wọ́n ṣe skáànù tí wọ́n ń pè ní PET, pé ìyẹn máa ń fi jẹjẹrẹ hàn. Dókítà àwòrán náà rọra ṣàlàyé fún un: ṣúgà tí wọ́n so ìtànṣán mọ́ ni wọ́n ń fún sí iṣan ènìyàn níbẹ̀, ibi tó bá ń jẹ ṣúgà jù ló ń tàn. Jẹjẹrẹ ọ̀jẹun ni. Ọmọ ogun tó ń jà náà, ọ̀jẹun ni. Ẹ máa ná owó lọ sí Íńdíà, ẹ máa bá "tàbí" kan náà padà wálé.

Ó ku abẹ́rẹ́, kí wọ́n fà lára kókó náà jáde, kí dókítà tó ń fi ẹ̀rọ awò-ohun-kíkéré wo ẹran ara wò ó. Ilé pín sí méjì. Ọmọ wọn obìnrin ní àwọn ènìyàn sọ pé bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan jẹjẹrẹ, ṣe ló máa ń tàn kálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ó lè ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Wọ́n ń jiyàn. Ìyá Onílé jókòó láàárín, wọn kò sọ nǹkan. Bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n, èdè Àkúrẹ́ paraku ni wọ́n máa ń sọ, n kì í sì í gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Lọ́jọ́ yẹn Yorùbá gbogbogbòò ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, kí èmi náà lè gbọ́.

"Kòkó ni mò ń tà, kókó ló wá bá mi. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí mo bá fẹ́ ra kòkó, ṣé àpò ni mo máa ń wò?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Àwa tí a ń gbé ilé wọn ti rí i. Bí àgbẹ̀ bá gbé kòkó dé, wọn kì í gba ojú gbọ́. Kóró tó dán lóde lè ti bu nínú. Kóró tí wọn kò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò dáadáa kí ó tó gbẹ lè ní àwọ̀ èérú nínú, kò sì ní ta dáadáa. Nítorí náà wọ́n á ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n á bù díẹ̀ lókè, díẹ̀ láàárín, díẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á ní òòró, wọ́n á tẹ́ ẹ. Àwọn tó ń yẹ kòkó wò fún ọjà òkèèrè, 300 kóró ni wọ́n ń là.

Wọ́n ní, "Ẹ là á wò."

Bí a ṣe là á wò nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò bóyá ó ń dì bó ṣe yẹ, torí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Dókítà àwòrán ló gún abẹ́rẹ́, skáànù ló fi ń ṣọ́ ibi tó ń lọ, èmi ni mo di ẹ̀rọ mú. Ẹran tó jáde kò nípọn ju òwú tí wọ́n fi ń rán aṣọ òkè lọ. Wọ́n ní kí Ìyá Onílé fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kí ìwọ̀n ara wọn tẹ ojú egbò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni èsì fi pẹ́. Nípa ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, n kò ní nǹkan púpọ̀ láti sọ. Mo san owó ilé.

Èsì dé: àpá, ọmọ ogun ara rẹpẹtẹ, kò sí jẹjẹrẹ nínú ohun tí wọ́n rí. Nínú ohun tí wọ́n rí. Dókítà àwòrán náà fi ìka tẹ gbólóhùn yẹn fún wa, kí inú wa má baà dùn jù. Òwú kan ni a fà nínú kókó tó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà márùn-ún. Ó lè jẹ́ pé ibi tó dára ni abẹ́rẹ́ bọ́ sí. Ìgbà yẹn gan-an ni mo wá lóye pé àwòrán tó máa dá ẹjọ́ náà, a kò tíì yà á. Bí ó bá jẹ́ kókó ẹlẹ́tàn, yóò kéré. Bí ó bá jẹ́ èkejì, kò ní kéré.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, wọ́n rí i pé kì í ṣe òun, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn, torí ikọ́ ẹ̀gbẹ náà lè wọ ẹ̀dọ̀, oògùn tó ń dá ọmọ ogun ara lẹ́kun, bíi stẹ́rọ́ọ̀dù, sì lè sọ ọ́ di ńlá. Wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi stẹ́rọ́ọ̀dù díẹ̀ kún un, tí wọ́n sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ibà lọ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Lọ́sẹ̀ kẹfà, kókó náà ti wá sí nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà mẹ́ta. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wọ̀n ọ́n, n kò gba ara mi gbọ́.

Ìwé èsì mi ti yí padà láti ìgbà náà. N kì í fi orúkọ rọ́pò àpèjúwe mọ́. Mo máa ń kọ ibi tó wà, bó ṣe fẹ̀ tó, bí etí rẹ̀ ṣe rí, àti ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e. Ọ̀gá mi ní èsì mi ti gùn jù. Mo tún ti ń lo ìbòmú bí mo bá ń ṣe skáànù. Ìyá Onílé ní asán ni, pé ojú ni mo fi ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnu.

Oṣù kẹfà pé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n wọlé, wọ́n bọ́ gèlè, wọ́n dùbúlẹ̀ kí n tó sọ fún wọn. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan, a dúró de jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ tan, mo wá kókó náà títí. Ohun tó kù níbẹ̀ ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó funfun, bí ojú abẹ tó ti jinná.

"Dókítà, kí lo rí?"

Mo yọ ìbòmú kúrò. Mo ní, "Àpá ni, mà."

Wọ́n wò mí dáadáa. Wọ́n dìde jókòó, wọ́n gba táwẹ̀lì lọ́wọ́ mi, wọ́n nu jẹ́lì kúrò níkùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé gèlè wọn padà.

"Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí owó ilé pé," wọ́n ní.